Bí Mo Ṣe Ní Kí Ọmọ Mi Má Wọṣọ fún Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Mọ́

Èmi ni mo lọ fẹjọ́ sùn ní ilé-ìwé. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí pé láti ọjọ́ yìí wá, ẹlòmíràn ni mo máa ń dá lẹ́bi nígbà tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ náà nínú ọkàn mi. Lọ́jọ́ kan á jẹ́ tíṣà, lọ́jọ́ mìíràn á jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ á jẹ́ ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ mi tí kò wá lọ́jọ́ eré. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dìde nílé mi, tí mo wọ bàtà, tí mo lọ.

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní ní ilé-ìwé aládàáni kan lójú ọ̀nà Ìyìn, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ní Adó ń kó ọmọ wa lọ. Títí di ìgbà yẹn, èmi ni mo ń wọṣọ fún un. Kì í ṣe pé kò lè kọ́ ọ. N kò ní sùúrù láti dúró tì í ni. A ní àkókò tí a gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì wa, ọ̀gá wa sì máa ń jókòó ti ìwé náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, láràárọ̀, mo máa ń gbé ọmọ mi dúró sórí àga, ma fa pínáfọ̀ gba orí rẹ̀ wọ̀ ọ́, ma de bọ́tìnnì, ma ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ sọ́kísì, bí ẹni tó ń di ẹrù ọjà. Tó bá ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ṣe é fúnra mi," ma ní, "Ó di ọ̀la." Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn.

Tíṣà wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò tíì lọ́kọ, ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi láìbi mí. Gbogbo ọjọ́rú ni wọ́n ń ṣe eré ìdárayá. Àwọn ọmọ náà ní láti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, kí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀tì àti ẹ̀wù eré, kí wọ́n sì tún pààrọ̀ padà kí a tó wá kó wọn. Tíṣà kì í wọ̀ ọ́ fún wọn. Ó ta aṣọ ìkélé sí àárín kíláàsì, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, ó sì ń kọ́ wọn. Ẹ tẹ́ ẹ̀wù sórí tábìlì kí àyà rẹ̀ dojú bolẹ̀. Ibi tí wọ́n rán àmì mọ́ lọ́rùn, ẹ̀yìn nìyẹn. Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí òun ni ojú yín ń rí. Ó so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe tán kò gbọdọ̀ sáré jáde. Á yẹ ẹnìkejì rẹ̀ wò, á bá a fa ibi tó bá ká, á bá a wá ẹsẹ̀ sọ́kísì tó bá sọnù. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jọ jáde.

Ọmọ tó so mọ́ ọmọ mi jẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan, tó pupa, tí ojú rẹ̀ tóbi. Ìyá rẹ̀ ń ta ìrẹsì Igbemo ní Ọjà Ọba. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà kò lágbára. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ó kàn so kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, àwọn ìka rẹ̀ ká sínú díẹ̀.

N kò mọ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i. Ẹnu géètì ilé-ìwé ni, mo wá mú ọmọ mi. Mo mú bisikíìtì jáde nínú báàgì, mo fún ọmọ mi, mo na ọ̀kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi fẹ́ gbà á. Mo fa bisikíìtì náà sẹ́yìn.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?" ni mo bi í.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, orúnkún méjèèjì, ó sì tún na ọwọ́ òsì náà. Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ọ̀tún rẹ̀ kì í gbéra. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí àwọn èèyàn má bàa bínú sí i."

Mo fún un ní bisikíìtì náà. N kò bẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn nígbà náà pé èèyàn lè bẹ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Láàárín oṣù méjì, ọmọ mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ òun mọ́. Ó ń jí ṣáájú mi. Ìgbà tí mo bá fi máa dé yàrá rẹ̀, á ti wọ pínáfọ̀, á ti kọ ẹ̀yìn sí mi kí n wò ó bóyá síìpù rẹ̀ dé òkè. Inú mi dùn, mo sì ń fi yangàn ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá a tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ká ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn, tó ń fi òsì nìkan jà mọ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ó ti fi àgbọ̀n di ọrùn ẹ̀wù náà mú. Òógùn ń yọ lórí imú rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń wò ó bóyá ó ṣeé ṣe ni, Mọ́mì. Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ma lè kọ́ ọ."

"Kọ́ ta ni?"

Ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ní kó yé fi ara rẹ̀ ṣe arọ, kó má lọ fa ohun tí kò sí wá sí ara rẹ̀. Mo lù ú lọ́wọ́ òsì náà. Kò dùn ún púpọ̀, ó kàn yà á lẹ́nu ni. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde, ó de bọ́tìnnì yòókù kíákíá, bí mo ṣe fẹ́ kó rí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìdíje eré ìdárayá, wọ́n mú ọmọ mi láti gbé àsíá ilé pupa, kó máa yan lọ níwájú àwọn ọmọ ilé rẹ̀. N kò lè sọ bí inú mi ti dùn tó. Mo ra kánfáàsì funfun tuntun fún un. Mo sọ fún gbogbo èèyàn ní ọ́fíìsì. Mo pe màmá mi lórí fóònù, mo ní kí wọ́n wá láti ilé kí wọ́n wá wo ọmọ-ọmọ wọn. Ní ọjọ́rú kejì tí wọ́n ń dánra wò, ọmọ mi dé ilé, ó jókòó jẹun. Ìgbà tí mo bi í léèrè bí ìdánrawò ṣe lọ ló ní wọ́n ti fi àsíá fún ẹlòmíràn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"A pẹ́ jáde. Ẹ̀wù há mọ́ ọ̀rẹ́ mi lórí, mo ń bá a fà á. Tíṣà eré ní òun ò lè dúró dè wá."

Kò dùn ún bó ṣe dùn mí. Ohun tí mo kọ̀ láti rí nìyẹn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀.

Ní ọ̀la ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń sọ ọmọ mi kalẹ̀ ní géètì, ìyá ọmọ kíláàsì wọn kan rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Mọ́mì, a gbọ́ pé ọmọ yín ti di nọ́ọ̀sì o. Òun ló ń tọ́jú ọlọ́wọ́ rírọ yẹn." Ẹ̀rín lásán ni. N kò lọ sí ọ́fíìsì tààrà mọ́. Mo wọlé lọ bá tíṣà.

Tíṣà kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní, "Mi ò rán ọmọ mi wá síbí láti wá ṣọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ má bínú, mà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn méjèèjì ló ń kọ́ nǹkan lára ara wọn. Ọmọ tiyín lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́, mà. Kò sí ẹlòmíràn nínú kíláàsì tí mo lè fi í tì."

"Kí ìyá rẹ̀ wá máa wọ̀ ọ́ fún un nígbà náà. Tàbí kí ẹ̀yin tí wọ́n ń sanwó fún ṣe é."

"Mà, tí mo bá ń wọ̀ ọ́ fún un, kò ní mọ̀ ọ́n láéláé."

Ohun tó sọ yẹn bọ́gbọ́n mu, ìdí nìyẹn tí mo fi bínú sí i. Mo gba ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé lọ. Ọ̀gá náà jẹ́ obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí kì í fẹ́ kí òbí kankan kó ọmọ rẹ̀ lọ síbòmíràn. N kò tíì parí ọ̀rọ̀ mi tó fi ń mi orí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní òun á ya àwọn ọmọ méjèèjì nípa, àsíá náà á sì padà sọ́wọ́ ọmọ mi. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé mo ti jà fún ọmọ mi bí abiyamọ ṣe ń jà.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo pe ọmọ mi jókòó. Mo ní, "Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ ọmọ yẹn mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Ta ló máa wá bá a fa síìpù ẹ̀yìn?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," bí a ṣe kọ́ ọ pé kó máa dáhùn tí àgbàlagbà bá bá a sọ̀rọ̀ tán, ó sì lọ jókòó ti iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀.

Ọjọ́ eré pé. Oòrùn mú gan-an. Àwa òbí wà lábẹ́ kánópì, màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú agbòòrùn. Àwọn ọmọ ń ti inú kíláàsì jáde, wọ́n ń tò sórí pápá. Ọmọ mi wà níwájú ilé pupa, àsíá ga jù ú lọ, kánfáàsì rẹ̀ funfun báláú. Mo ti na fóònù mi sókè láti ya á.

Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yan nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde wá, òun nìkan. Wọ́n ti pín in mọ́ ọmọ mìíràn, ìyẹn sì ti sáré jáde ní tirẹ̀. Kò rí síìpù pínáfọ̀ rẹ̀ tú. Ó ti wọ ẹ̀wù eré lé e lórí, ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà há sí èjìká. Ọrùn rẹ̀ wà níbi tó yẹ kí apá wà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti fa ṣọ́ọ̀tì wọ̀ sábẹ́ pínáfọ̀, etí pínáfọ̀ náà sì yọ gulutu káàkiri ìdí rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ń yọ lábẹ́ aṣọ. Ó ń sáré bọ̀ wá sí ìlà kí wọ́n má bàa fi í sílẹ̀.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lábẹ́ kánópì tó kọjú sí wa. Lẹ́yìn náà gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọn kò ṣe é níkà, bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Àwọn kan ń fi fóònù ya á. Àwọn ọmọ náà wá gbọ́ ẹ̀rín àwọn àgbà, tiwọn sì burú jù.

Ọmọ mi yíjú padà. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sọ ọ̀pá àsíá kalẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tó máa fi í tì. Lẹ́yìn náà ló wá ojú mi kàn láàárín gbogbo àwọn òbí wọ̀nyẹn, ó sì rí i.

Mo ṣẹ́jú mọ́ ọn.

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá mọ ohun tí mò ń sọ. N kò la ẹnu mi. N kò gbé ọwọ́. Mo kàn wò ó báyìí ni, ó sì yé e. Ó gbé àsíá padà sókè, ó kọjú síwájú. Ìlù lù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan, ọmọ mi gbé ẹsẹ̀ dáadáa. Fídíò rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi. Lápá òsì fídíò náà, ẹ ó rí tíṣà wọn tó ń sáré la pápá kọjá, tó gbé ọmọ náà sọ́wọ́ pẹ̀lú gbogbo aṣọ tó wé mọ́ ọn, tó sì gbé e wọnú kíláàsì lọ.

Màmá mi bi mí pé, "Ọmọ ta ni yẹn?"

Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n."

Ọmọ náà kò padà wá lẹ́yìn ìsinmi. A gbọ́ pé wọ́n ti kó lọ sí ìlú wọn ní Igbemo. Tíṣà náà kò pẹ́ tó fi lọ, n kò mọ ibi tó lọ.

Ọmọ mi ń dàgbà. Ó ń gba ipò kìíní, ipò kejì. Ṣùgbọ́n ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra tó bá ń wọṣọ, kì í sì í kọ ẹ̀yìn sí mi mọ́ kí n wo síìpù rẹ̀. Nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta, tíṣà wọn tuntun dá mi dúró. Ó ní ọmọ kékeré kan tọ̀ sára, òun sì ní kí ọmọ mi bá òun pààrọ̀ aṣọ fún un. Ọmọ mi ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, "Mọ́mì mi ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ ẹlòmíràn." Tíṣà náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ó rò pé ọ̀rọ̀ àìsàn ni mo fi kìlọ̀ fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ àìsàn ni.

Ní ọdún tó kọjá, mo lọ ra ìrẹsì ní Ọjà Ọba. Mo ti ń kọjá lọ nígbà tí obìnrin kan pariwo pé, "Ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ mi kọ́ nìyí!" Ó ti dìde nídìí ìrẹsì tó ń kó wá láti Igbemo tà, ó ń gbọn eruku ìrẹsì kúrò lára ìró rẹ̀. Ẹnu géètì ilé-ìwé la ti máa ń kọjá lára wa nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò dá a mọ̀ títí tó fi dárúkọ ọmọ rẹ̀.

Ó di mí lọ́wọ́ mú. Ó ń bi mí léèrè àwọn ará "ulé," bí wọ́n ṣe ń pe ilé lẹ́nu tiwọn, ó ń bi mí léèrè ọkọ, ó ń bi mí léèrè ọmọ mi.

"Ẹ bá mi kí i gan-an. Ọmọ dáadáa lẹ bí. Kò sọ fún yín ni? Òun ló kọ́ ọmọ mi bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan de bọ́tìnnì. Kó fi àgbọ̀n di ọrùn ẹ̀wù mú, kó wá máa mú u láti ìsàlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n yà wọ́n nípa pàápàá, ó ṣì ń yọ́ lọ bá a lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà ìsinmi, kó lọ kọ́ ọ. Síìpù nìkan ni wọn ò tíì kọ́ kan."

Mo ní, "Kò sọ fún mi."

"Òun ló ń wọṣọ fún àbúrò rẹ̀ báyìí. Ó fi ọdún kan jókòó sílé lẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀, kò gbà kí n gbé òun lọ sí ilé-ìwé kankan, ló fi jẹ́ pé kíláàsì ọmọ tiyín ti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń lọ báyìí." Ó fà mí mọ́ra díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní òbí kan ló lọ fẹjọ́ sùn, tí wọ́n fi yà wọ́n. Mi ò mọ ẹni náà. Mi ò sì bi wọ́n. Mo ní kí Ọlọ́run dárí jì í."

Mo ní, "Àmín."

Ó wọn ìrẹsì fún mi. Ó bu èènì lé e, ó wò mí lójú, ó tún bu òmíràn. Mo ní ó ti tó. Ó ní kò tíì tó, kí n kó o fún ọmọ mi. Ó di í fún mi, ó gbé e rù mí. Gbogbo ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Àyè wà láti sọ ọ́. Kò sí oníbàárà mìíràn níbẹ̀. Mo dágbére, mo lọ.

Nígbà tí mo délé, mo da ìrẹsì sínú àwo pẹrẹsẹ, mo jókòó láti ṣa òkúta inú rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé mo rí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, wọ́n ní kí n kí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ẹ bẹ̀ wọ́n?"

N kò mọ̀ títí di ìṣẹ́jú yẹn pé ó mọ̀ pé èmi ni mo lọ fẹjọ́ sùn. Bóyá àwọn ọmọdé ló sọ fún un, bóyá ọ̀gá ilé-ìwé ni. N kò bi í.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀ wọ́n."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kò sí nǹkan."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wá jókòó tì mí, ó fa etí àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣa òkúta. Èjìká rẹ̀ kan tèmi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti jókòó tì mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì," ó sì jọ pé látọkàn wá ni.

A se ìrẹsì náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, apá ibòmíràn ní ọjà ni mo ti ń ra ìrẹsì.